Ta Lọkọ Ẹ̀wà?

Ìyá Onílé ló kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè náà. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlúpéjú, níbi tí ògiri ilé iṣẹ́ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi èjìká gbá tiwa. Mo ti to ike ọ̀dà mẹ́fà sí ìdí ògiri náà, mo da ilẹ̀ dúdú kún wọn. Mẹ́ta gba ẹ̀wà olóyin, èyí tí mo ṣà nínú kọ́ńgò kan tí mo rà lọ́jà Ojúwoyè ní Múṣin. Méjì gba àgbàdo, igi kan nínú ike kan. Ike kẹfà gba úgú kan ṣoṣo.

Nígbà tí ẹ̀wà so, Ìyá Onílé dúró tì mí, ó fi ìka gbé èso kan tó ti ń gùn wò, ó ní: "Ọmọ mi, ẹ̀wà yìí mà ti lóyún. Ta lọkọ ẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ o. Oko kòkó ni bàbá mi dá. Mo mọ̀ pé òdòdó tí kòkòrò ò bá yà kí, jíjábọ́ ló ń já bọ́. Níbí tó jẹ́ pé ẹ̀fọn nìkan là ń rí, ta ló wá kí i?"

N kò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ náà. Ohun tó tún wá da ọ̀rọ̀ rú ni àwọn ike yòókù. Àgbàdo méjèèjì gbọ́mọ pọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bó ọ̀kan, inú rẹ̀ dà bí ẹnu arúgbó: eyín mẹ́ta níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ibi tó kù pá. Úgú tanná títí, kò so ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kan náà ni, omi kan náà, oòrùn kan náà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbéyàwó ni wọn kò fi jọra.

Nígbà tí mo wádìí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, èsì rẹ̀ kò gùn: ẹ̀wà fúnra rẹ̀ lọkọ ẹ̀wà. Àwọn onímọ̀ ewéko ní orúkọ fún ìwà yìí. Autogamy ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi èdè Gíríìkì ìgbàanì hun: autos ni "òun fúnra rẹ̀", gamos ni "ìgbéyàwó". Kó lè wọ etí wa, ìfúnraẹnilóyún ni n óò máa pè é níbí, nítorí ohun tí òdòdó náà ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń fún ara rẹ̀ lóyún.

Inú òdòdó ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ òdòdó, akọ àti abo jọ ń gbé ilé kan ni. Akọ ni àwọn okùn tín-ín-rín tó gbé àpò kékeré lérí. Lẹ́búlẹ́bú wà nínú àpò náà, òun ni mò ń pè ní ìyẹ̀, nítorí ó jọ ìyẹ̀ tí babaláwo ń tẹ̀ lójú ọpọ́n. Abo ni ọ̀pá kan tó dúró láàárín wọn: orí ọ̀pá náà ni ẹnu rẹ̀, ìdí rẹ̀ ni ilé ọmọ, níbi tí àwọn ẹyin tí yóò di kóró wà. Bí ìyẹ̀ bá balẹ̀ sí ẹnu abo, tí wọ́n sì bá ara wọn mu, ìyẹ̀ yóò hu okùn kan bí ìgbà tí kóró ń hu gbòǹgbò. Okùn yẹn ni yóò gba inú ọ̀pá sọ̀ kalẹ̀ dé ilé ọmọ. Ibẹ̀ ni oyún ti ń dúró. Bí ìyẹ̀ náà bá ti inú òdòdó kan náà wá, ìfúnraẹnilóyún nìyẹn. Bó bá ti orí igi mìíràn wá, òdòdó gba àlejò nìyẹn, yálà oyin ló gbé àlejò náà wá ni tàbí atẹ́gùn.

Mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Òdòdó ẹ̀wà kì í pẹ́ láyé: kùtùkùtù ló ń ṣí, kí ọ̀sán tó pọ́n ó ti pa ojú dé, kò sì ní ṣí mọ́. Mo jí ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, mo tan iná fóònù, mo já òdòdó kan tó ti wú ṣùgbọ́n tí kò tíì ṣí, mo wá fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tú u. Ewé òdòdó márùn-ún ló ní. Èyí tó tóbi jù wé bo àwọn yòókù bí gèlè. Méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Méjì tó kù lẹ̀ mọ́ra nísàlẹ̀, wọ́n ṣe kòtò bí inú ọkọ̀ ojú omi, inú ọkọ̀ yẹn ni tọkọtaya wà. Okùn akọ jẹ́ mẹ́wàá: mẹ́sàn-án so pọ̀, ìkẹwàá dá dúró. Ọ̀pá abo gba àárín wọn kọjá, ó tẹ̀ kọ́rọ́ lókè, irun wẹ́wẹ́ sì hù sí i lábẹ́ ẹnu.

Àwọn àpò ti bẹ́. Ìyẹ̀ ti kún ara irun yẹn àti ẹnu abo bí àtíkè lọ́rùn ọmọ jòjòló. Òdòdó kò tíì ṣílẹ̀kùn, ìgbéyàwó ti parí nínú ilé. Gèlè elésè-àlùkò tó máa ń wé síta bí ilẹ̀ bá mọ́, aṣọ tí ìyàwó wọ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó ni. Bí oyin bá wá lẹ́yìn náà, yóò bá a pé ìyàwó ti dé ilé ọkọ. Lóòótọ́, ìyẹ̀ àjèjì máa ń ráyè wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún kóró ẹ̀wà oko, irú èyí kì í sábà ju ẹyọ kan sí méjì lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ní ààlà o, àwọn èèyàn sì máa ń gbé e kọjá ààlà. Ẹlòmíì lè rò pé ewéko tó bá ti so láìsí kòkòrò ti fún ara rẹ̀ lóyún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí à ń dín ní dòdò ń so láìsí pé ìyẹ̀ kankan kàn án. Kò sí akọ tó dá sí i, kò sí oyún, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í bá kóró nínú rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ọmọ tó hù nídìí rẹ̀ la ń yọ gbìn. Èso láìsí oyún nìyẹn. Ti ẹ̀wà yàtọ̀: akọ wà, abo wà, ìyẹ̀ balẹ̀, oyún dúró. Ẹnì kan ṣoṣo ló kàn ṣe ipò méjèèjì.

Ààlà kejì wà láàárín òdòdó àti igi. Bí àgbẹ̀ bá ní igi kan fún ara rẹ̀ lóyún, ohun tó ní lọ́kàn ni pé igi yẹn kò gba ìyẹ̀ igi mìíràn. Onímọ̀ ewéko yóò tún béèrè sí i: ṣé inú òdòdó kan náà ni, àbí láti òdòdó kan sí òmíràn lórí igi kan? Ti inú òdòdó kan náà nìkan ló ń jẹ́ autogamy lẹ́nu tirẹ̀. Ti òdòdó sí òdòdó lórí igi kan ń jẹ́ geitonogamy, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí aládùúgbò. Ó dà bí ìgbà tí ẹni tó ń gbé yàrá iwájú bá fẹ́ ẹni tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn nínú ilé kan náà. Wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ nítorí pé èkejì yìí nílò ẹni tí yóò gbé ìyẹ̀ rìn, ti àkọ́kọ́ lè má nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀jẹ̀, bákan náà ni: igi kan ni bàbá ọmọ, òun náà ni ìyá.

Ààlà kẹta ni pé ká lè ṣe nǹkan yàtọ̀ sí ká máa ṣe é. Òdòdó tòmátò àti ti ata lè fún ara wọn lóyún láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n àpò ìyẹ̀ tòmátò kì í bẹ́ gbayawu. Ihò kékeré ló ní lórí bí ihò agolo iyọ̀, à fi kí nǹkan gbọ̀n ọ́n kí ìyẹ̀ tó já bọ́. Ní gbangba, atẹ́gùn àti oyin ń ṣe é. Ẹni wa tó gbin tòmátò sójú fèrèsé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí atẹ́gùn kì í wọlé nígbà òtútù, ní láti máa fi ìka ta òdòdó náà wẹ́rẹ́ láàárọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òdòdó rẹpẹtẹ ni yóò rí, kò ní rí èso tó nílàárí.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn kì í ṣílẹ̀kùn rárá. Ẹ lọ sí etí gọ́tà èyíkéyìí ní Ìlúpéjú lásìkò òjò, ẹ ó rí koríko kan tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tí igi rẹ̀ rọ̀, tí òdòdó rẹ̀ kéékèèké rí bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ láró. Commelina benghalensis lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ẹ fà á tu pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀, kí ẹ fọ erùpẹ̀ rẹ̀ kúrò: ẹ ó bá àwọn ọwọ́ funfun kan tó gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, òdòdó sì wà lórí wọn. Òdòdó abẹ́ ilẹ̀ wọ̀nyí kì í ṣí láéláé. Inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń fún ara wọn lóyún, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń bímọ sí. Cleistogamy ni irú èyí ń jẹ́, ìgbéyàwó inú ilé títì pa. Ẹni tó ń fi àdá gé orí koríko yìí lọ́dọọdún, tó wá ń ṣe kàyéfì pé ó tún hù, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀pà ń ṣe, nítorí abẹ́ ilẹ̀ la ti ń wú u. Ẹ̀pà kò bá wọn pa á mọ́ tó bẹ́ẹ̀: òkè ilẹ̀ ni òdòdó rẹ̀ ti ń tanná, òkè ibẹ̀ ló ti ń fún ara rẹ̀ lóyún láàárọ̀ kùtù, lẹ́yìn náà ni ìdí òdòdó yóò gùn wọ inú ilẹ̀ lọ láti lọ bímọ.

Orúkọ àdúgbò wa ló sọ ohun tí àgbàdo ń fẹ́. Ìlú péjú: gbogbo èèyàn dé, wọ́n pésẹ̀. Akọ àgbàdo wà lórí téńté bí ìrùkẹ̀rẹ̀, abo rẹ̀ wà lábíyá, irun tí à ń fà sọ nù nígbà tí a bá ń bó o ni ẹnu abo. Okùn irun kan, eyín kan: okùn tí ìyẹ̀ kò bá bà lé, ojú ibẹ̀ yóò pá. Atẹ́gùn ló ń gbé ìyẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ìrùkẹ̀rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í da ìyẹ̀ sílẹ̀ kí irun tirẹ̀ tó yọ. Nígbà tí ìyàwó bá fi múra tán, ọkọ ilé ti ná púpọ̀ nínú ohun tó ní. Nínú oko, aládùúgbò tó pẹ́ tanná yóò dí i. Ní ẹ̀yìnkùlé mi, àgbàdo méjì péré tí wọ́n jìnnà síra kò lè péjú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò ní ju igi méjìlá lọ láti gbìn, agbo ni kó gbìn ín sí, ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó súnmọ́ra. Kó má tò ó lọ bí fẹ̀ǹsì.

Ti úgú tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí igi akọ lọ́tọ̀, igi abo lọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí iṣu. Úgú tí mo gbìn, akọ ni. Bó bá tanná fún ọdún mẹ́wàá, kò ní so. Ọ̀pẹ ní akọ àti abo lórí igi kan, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ń yọ akọ kì í sábà yọ abo, nítorí náà kò rọrùn fún un láti jẹ́ ọkọ ara rẹ̀. Kòkòrò kékeré kan ló ń ṣe alárinà fún un nílẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀pẹ lọ sí Màléṣíà, wọn kò gbé alárinà dání. Ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ oko níbẹ̀ fi ń wọ́n ìyẹ̀ fún ọ̀pẹ títí di 1981, tí wọ́n kó kòkòrò náà láti Kamẹrúùnù lọ bá a. Ìyá Onílé kò sì purọ́ lórí kòkó: ọ̀pọ̀ igi kòkó ni ìyẹ̀ ara wọn lè balẹ̀ sí lẹ́nu tí wọn kò ní gbà á, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ igi obì gbànja. Bí kòkòrò tíńtínní kan kò bá gbé ti ẹlòmíì wá, òdòdó kòkó yóò já bọ́ láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Kí ló dé tí kòkó fi ń kọ ara rẹ̀? Ohun tí àwọn bàbá wa fi ń wádìí ìdílé kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìdáná ni. Ìbátan kì í fẹ́ra. Charles Darwin fi ọdún mọ́kànlá dán ọ̀rọ̀ yìí wò lára ewéko, ó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1876. Ó gbin ọmọ òdòdó tó gba àlejò àti ọmọ òdòdó tó fún ara rẹ̀ lóyún sínú ìkòkò kan náà, ó ń wọn gíga wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ àlejò ló ga jù, òun náà ló ń so jù. Ọ̀rọ̀ náà kò lè ṣàì kan Darwin fúnra rẹ̀, nítorí Emma ìyàwó rẹ̀, ọmọ arákùnrin ìyá rẹ̀ ni.

Ẹ̀wà wá ń kọ́? Àbùkù máa ń fara pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kì í sábà yọjú àyàfi bí ó bá pàdé irú ara rẹ̀. Láti ayébáyé ni ẹ̀wà ti ń fún ara rẹ̀ lóyún, nítorí náà àbùkù tó burú ti yọjú tipẹ́, ó ti pa àwọn tó gbé e. Èyí tó ṣẹ́ kù ti là á kọjá. Àgbàdo tó ti ń gba àlejò láti ìran dé ìran ṣì gbé àbùkù rẹ̀ pamọ́. Bí a bá fipá mú un kó fún ara rẹ̀ lóyún fún ìran bíi mẹ́rin, márùn-ún, yóò rán, yóò tínrín, ọmọ rẹ̀ yóò kéré.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú gbogbo èyí ni pé ìwà òdòdó ló ń sọ ẹni tó ni irúgbìn. Àwa náà ló ń sọ pé ohun tí a bá gbìn la ó ká. Lára ẹ̀wà, ọ̀rọ̀ yẹn kò ní àfikún kò ní àyọkúrò. Kóró tí mo bù nínú kọ́ńgò Ojúwoyè, oúnjẹ ni bí mo bá gbé e kaná, irúgbìn ni bí mo bá sọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ tó sì bí yóò jọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà fi lè fi ìgò kan pa irú ẹ̀wà kan mọ́ fún ogójì ọdún, kó sì fà á lé ọmọ lọ́wọ́ láìyingin.

Lára àgbàdo, àfikún wà. Ẹni tó pa àgbàdo ìbílẹ̀ mọ́ lè tún un gbìn, ṣùgbọ́n ìyẹ̀ oko kejì yóò ti bá a dá sí i. Ti àgbàdo olówó inú páálí tún yàtọ̀. Ní 1908, George Shull ní ìpínlẹ̀ New York ṣàlàyé pé bí a bá fi ìfúnraẹnilóyún sọ ìdílé àgbàdo méjì di aláìlágbára, tí a wá fi ọ̀kan fẹ́ èkejì, ọmọ wọn yóò ta yọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń tà fún àgbẹ̀ lónìí. Ó dára, ó ń so. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá tún ọmọ rẹ̀ gbìn, ọ̀kan á ga, ọ̀kan á kúrú, ọ̀kan á so ńlá, ọ̀kan á so ráńpẹ́. Ó gbin ọ̀kan, ó ká oríṣiríṣi. Ní àsìkò tó ń bọ̀, yóò tún padà lọ bá ẹni tó ń tà á.

Ìwà yìí kan náà ló mú iṣẹ́ àwọn tó ń tún irú ẹ̀wà ṣe nira, tó sì tún mú un dáni lójú. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ni ọ̀kan nínú ibi tí iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀ jù láyé. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀wà kan fẹ́ òmíràn gbọ́dọ̀ ṣáájú ìgbéyàwó inú ilé yẹn dé. Ìrọ̀lẹ́ ni yóò ti mú òdòdó tí yóò ṣí lọ́la, yóò fi ẹ̀mú ṣí inú ọkọ̀ kékeré yẹn, yóò yọ àpò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ́kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kí ọ̀pá abo ṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò gbé ìyẹ̀ òdòdó mìíràn wá fi kan ẹnu abo, yóò so okùn mọ́ ọn fún àmì. Púpọ̀ nínú wọn yóò já bọ́. Gregor Mendel ṣe irú rẹ̀ lára ẹ̀wà òyìnbó nínú ọgbà ilé ìsìn kan ní Brno láàárín 1856 sí 1863. Nítorí pé ẹ̀wà tirẹ̀ náà ń fún ara rẹ̀ lóyún, ó mọ bàbá, ó mọ ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan, inú àkọsílẹ̀ yẹn ni ìmọ̀ nípa àjogúnbá ti jáde ní 1866.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá ìgbéyàwó àjèjì yìí sílẹ̀, ìfúnraẹnilóyún ni wọ́n ń fi í parí. Ọmọ àkọ́kọ́ gba apá kan lọ́wọ́ bàbá, apá kan lọ́wọ́ ìyá, ní gbogbo ibi tí àwọn méjèèjì ti yàtọ̀ síra. Wọ́n á wá fi í sílẹ̀ kó máa ṣe bí ẹ̀wà ti ń ṣe. Ní ìran kọ̀ọ̀kan, àdàlù yẹn ń dín sí ìdajì: láti 100 nínú ọgọ́rùn-ún sí 50, sí 25, sí 12.5. Nígbà tó bá ti fún ara rẹ̀ lóyún lẹ́ẹ̀mẹfà, kò tó 2 mọ́. Irú tuntun ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nìyẹn. Àgbẹ̀ tó bá gbà á lẹ́ẹ̀kan lè máa tọ́jú irúgbìn rẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ẹ̀wà SAMPEA 20-T ní 2019, èyí tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí tó wà ní Sàmárù nítòsí Zaria mú jáde pẹ̀lú àbùdá tí wọ́n fi kún un kó lè gbógun ti kòkòrò Maruca, ọ̀rọ̀ yìí wà nídìí àríyànjiyàn tó tẹ̀lé e. Ṣé yóò ran ẹ̀wà aládùúgbò? Ìwà ẹ̀wà ni ìdáhùn: díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n díẹ̀ kì í ṣe òdo. Ṣé àgbẹ̀ lè pa á mọ́ fún ìgbà mìíràn? Ìwà kan náà ló dáhùn pé ó lè hù ní irú kan náà.

N kò fẹ́ ká rò pé èrè nìkan ló wà níbẹ̀. Ewéko tí kì í gbàlejò kì í gbọ́ ìròyìn. Bí àrùn tuntun bá dé, tí kò sì sí ohun tí yóò fi jà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé náà, bí ọ̀kan bá ti ṣubú ni gbogbo wọn yóò ṣubú, nítorí ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí IITA fi kó irú ẹ̀wà tó lé ní 15,000 jọ sínú yàrá òtútù ní Ìbàdàn. Ẹ̀wà kì í péjú fúnra rẹ̀, èèyàn ló ń bá a péjú.

Fún àwa tí ike ọ̀dà ni oko wa, ìmọ̀ yìí wúlò. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, ìrẹsì àti tòmátò ìbílẹ̀ ṣe é fọkàn tán: mú kóró igi tó dára jù, gbẹ ẹ́, pa á mọ́. Ewédú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń gbàlejò ju ẹ̀wà lọ. Ilá lè fún ara rẹ̀ lóyún, ṣùgbọ́n oyin fẹ́ràn òdòdó rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá ní irú ilá méjì, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n dàlù, kó so ọ̀rá tó ní ihò wẹ́wẹ́ bo òdòdó kan kó tó ṣí, kó má já èso tó bá ti ibẹ̀ jáde sọ́bẹ̀, kó fi í sílẹ̀ fún irúgbìn. Àgbàdo ńkọ́? Ẹ wá ará àdúgbò tó tó iye fún un.

Mo sọ gbogbo èyí fún Ìyá Onílé níjọ́ tí mo ká ẹ̀wà náà. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi dé ibi òdòdó tí kò tíì ṣílẹ̀kùn tó ti gbéyàwó. "Ẹ̀wà gbọ́n," ni wọ́n wí. "Kò ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kò san owó orí." Wọ́n ní kí n bu díẹ̀ wá. Mo ṣì ní kóró méje nínú èyí tí mo rà lọ́jọ́sí, mo dà á sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, mo wá da méje tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lé e kí wọ́n lè fi wé ara wọn. Kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti fi ìka pò wọ́n pọ̀, wọ́n gbé ọwọ́ sókè sójú oòrùn, wọ́n ń yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "èwo wá ni ìyá, èwo lọmọ?"

Mo wò ó títí. N kò mọ̀ ọ́n.